Òkúta Àlùwàlá Bàbá Mi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ó tọ́ kí n kí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ wa. Kábíyèsí àárín àga, olórí ẹrù, a-fẹ̀-ju-ẹnu-ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, fèrèsé ni wọ́n yọ kí ó tó ráàyè wọlé. Ilé ló yà fún un, òun kò yà fún ilé. Inú rẹ̀ ni abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun rí ń gbé, àti ife tí ètè kò kàn rí, àti ṣíbí tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Kì í ṣàìsàn, kì í darúgbó, kì í sọ pé ebi ń pa òun. Iná lè lọ, omi lè gbẹ, kọ́bọ́ọ̀dù kò ní yé dán. Mo ti wọ ilé púpọ̀ ní Ìkirè àti ní Àpòmù, ilé mùsùlùmí àti ilé ọmọ ìjọ, ilé tíṣà àti ilé oníṣòwò, n kò tíì rí èyí tí kò ní irú rẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò fà sí i. A lè jiyàn lórí ọ̀nà ọ̀run. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ìmọ̀ wa ṣọ̀kan. Àlejò tó bá wọlé, òun ni yóò kọ́kọ́ fi ojú kí, kí ó tó rántí béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ní ilé tiwa, bàbá mi ni ẹni tó ń ṣàìsàn. Yàrá ẹ̀yìn ló wà.

Àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà jẹ́ ti ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ṣùgbọ́n pẹpẹ àárín jẹ́ tèmi, òkúta ló sì wà níbẹ̀. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkirè. Yunifásítì fún mi ní oyè lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò sì rí ohun mìíràn fi oyè náà ṣe ju kí n máa tẹ̀ríba lójú ọ̀nà bí ẹni tí owó rẹ̀ jábọ́. Mo máa ń ṣa òkúta ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe lẹ́bàá Wásinmi, mo máa ń ṣa á nínú ipadò ní ẹ̀yìn Àpòmù, mo máa ń ṣa á lórí òkìtì tí àwọn tó ń kọ́lé dà sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọlọ́kadà kan tó máa ń gbé mi pẹ̀lú àpò mi fi pẹ̀lẹ́ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Aunty, na gold?" Mo ní rárá, òkúta lásán ni. Ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. "Na so dem dey talk," ló wí, ó sì ń wo àpò náà títí a fi délé.

Òkúta dídán kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí odò ṣe ń yí òkúta lu ara wọn títí ẹ̀gbẹ́ wọn á fi kúnná, ohun náà ni à ń ṣe nínú ilé, àfi pé odò ní sùúrù, àwa kò ní. Mo ní ike ọ̀dà kan tó ní ìdérí, mo gé túùbù ọ̀kadà, mo fi tẹ́ inú rẹ̀. Mo da òkúta sí i, mo bu omi lé e, mo wọ́n lúbúlúbú dúdú kan tó le ju yanrìn lọ sí i, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe òkúta sàréè fi ń dan ojú rẹ̀. Mo dé e pinpin, mo wá gbé e dùbúlẹ̀ lórí irin gbọọrọ méjì tó ń yí. Ẹ̀rọ tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti kú ló ń yí irin. Yóò máa yí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, n ó fọ̀ ọ́, n ó pààrọ̀ lúbúlúbú sí èyí tó tún kúnná, yóò tún máa yí. Èyí tó kẹ́yìn funfun, ó kúnná bí àtíkè. Òun ló ń mú dídán wá. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fọ ẹ̀wà tí kò tán láéláé. Àwọn ará àdúgbò ní kí n jọ̀wọ́, tí ó bá ti jinná kí n pe àwọn.

Mo ti máa ń fi àwọn abọ́ ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́tipẹ́. Mo ní àṣehàn ni. Mo ní a kò lè jẹ ọlá. Tèmi kì í ṣe àṣehàn, ìmọ̀ ni. Mo kọ orúkọ oyìnbó mọ́ ìdí òkúta kọ̀ọ̀kan, mo sì kó àwọn tó dúdú tó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí mo fẹ́ràn jù, jọ sínú abọ́ gíláàsì kan níwájú. Ọ̀gá ilé-ìwé wa wá kí bàbá mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n jókòó, wọ́n na ọwọ́ sínú abọ́ náà, kí n tó la ẹnu wọ́n ti ju ọ̀kan sí tiwọn. Wọ́n rò pé dòdò Ìkirè ni. Ẹni iyì ni wọ́n, wọn kò lè tu nǹkan jáde níwájú tíṣà tó wà lábẹ́ wọn. Wọ́n rọra tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, wọ́n béèrè ara Bàbá, wọ́n ní Ọlọ́run á wo wọ́n sàn, wọ́n dìde, wọ́n sì gbé òkúta mi lọ sílé lẹ́nu. Wọn kò dé yàrá ẹ̀yìn. N kò bá wọn wí. Ọ̀pọ̀ àlejò wa kì í dé ibẹ̀.

Ohun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn nìyí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, oko kòkó wọn wà ní ọ̀nà Araròmí-Òwu. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá wọn jà fún ìgbà pípẹ́ kí rọpárọsẹ̀ tó dé. Ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì kú pátápátá. Egbò kan wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò fẹ́ jiná, wọ́n fi báńdéèjì dì í, dókítà sì ní a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kàn án. Ojú wọn ti ṣú. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́, àìsàn ṣúgà sì ti ń jẹ ìmọ̀lára rẹ̀ lọ láti orí ìka wá. Bí mo bá di ìka wọn mú, nígbà mìíràn wọn kò mọ̀ bóyá mo ti fi í sílẹ̀.

Nítorí omi, òkúta ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Àwa mùsùlùmí ń pè é ní tayamọ́mù: ẹni tí kò lè lo omi yóò fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ mímọ́ tàbí òkúta, yóò fi pa ojú, yóò fi pa ọwọ́, ó ti tó kírun. Kò sí ilé mùsùlùmí aláìsàn kan ní àdúgbò wa tí òkúta bẹ́ẹ̀ kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ti bàbá mi kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣèṣẹ̀ wá. Inú oko ló ti wá. Òun ni wọ́n fi ń pọ́n àdá, àdá sì ti gbẹ́ ojú kan rẹ̀ kòtò díẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò ń sinmi sí. Ojú kejì ṣì le gbárakata bí èèpo igi. Bí ìrun bá bá wọn lóko tí omi sì jìnnà, òun kan náà ni wọ́n ń lù. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé láti ọsibítù, tí a bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, òkúta wọn ni wọ́n béèrè. Àbúrò wọn obìnrin, tó ń tajà ní Àpòmù, ló lọ gbé e ní abà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe máa ń lò ó, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Gbogbo ohun tí bàbá mi ń ṣe, ẹlòmíràn ló ń bá wọn ṣe é. Wọ́n ń gbé wọn jókòó, wọ́n ń yí wọn pa dà, wọ́n ń bu ògì sí wọn lẹ́nu, wọ́n sì ń ṣe ohun tí n kò ní kọ síbí fún wọn. Òkúta yìí nìkan ni Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn dá sí. Wọ́n á gbé e sórí ikùn, wọ́n á wá kòtò rẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ìhà tó wà, wọ́n á yí i, wọ́n á sì lù ú. Pá. Wọ́n á dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn láti inú ilé. Wọ́n á fi pa ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n á kírun ní ìdùbúlẹ̀, pẹ̀lú ìpéǹpéjú àti ìka kan. Ní àkókò yẹn, wọn kì í ṣe aláìsàn. Ẹni tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n.

Mo ń tún yàrá ṣe lọ́jọ́ kan, ó kù bí oṣù kan àbọ̀ kí Iléyá dé. Mo fi aṣọ tútù nu òkúta náà. Omi kò yẹ kó máa súnmọ́ ẹni tó ń kó òkúta jọ, torí gbogbo òkúta tó bá tutù ló ń parọ́ pé òun rẹwà. Mo rí iṣan pupa kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá, àti ìlà funfun tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà lórí ìlà. Mo ti rin gbogbo ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ pẹ̀lú àpò léjìká, kò sí èyí tó tó o, ilé wa ló sì wà, tí a fi ń lu àtẹ́lẹwọ́.

N kò ní sọ pé mo fẹ́ ẹ fún ara mi. Ọ̀mọ̀wé kì í fẹ́ nǹkan fún ara rẹ̀. Mo ní ẹ̀bùn Iléyá ni, kí Bàbá ní òkúta tó dán bí ẹni tó ń lò ó. Mo tún ní àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀, kò sì dára kí wọ́n bá òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n àdá lórí ibùsùn wa. Torí àwọn àna yìí kan náà ni a ṣe ti kun ilé látòkèdélẹ̀. N kò béèrè lọ́wọ́ Bàbá. Nígbà tí wọ́n sùn lọ, mo gbé e, mo fi òkúta odò kan tó tó o ní títóbi rọ́pò rẹ̀, mo sì ju tiwọn sínú ike.

Nígbà ìrun Alásárì wọ́n gbé tuntun náà, wọ́n wá kòtò rẹ̀ títí, wọn kò rí i.

"Èyí kọ́," wọ́n wí.

Mo ní mo gbé tiwọn lọ fọ̀ ni, wọ́n á rí i láìpẹ́.

"Òkúta kì í dọ̀tí, Tíṣà." Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti gba oyè, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá wọ́n ń yìn mí ni tàbí wọ́n ń bú mi.

Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi iná ìjọba ṣe ìpinnu, ẹ ṣàánú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tiransifọ́má àdúgbò wa bú. Ike dúró jẹ́ẹ́. Mo tan jẹnẹrétọ̀ títí epo fi tán, mo ra òmíràn, òun náà tán. Mo ṣí i wò: ojú gbárakata ti lọ, dídán kò tíì dé. Ó rí bí eyín tó ti jẹ. N kò lè dá a pa dà bẹ́ẹ̀, n kò sì lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkúta tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo tún dé e, mo sì ń ra epo lọ títí iná fi dé.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Wọn kì í bínú. Wọ́n á kàn ní, "Ṣé ó ti mọ́?" Mo ń dá wọn lóhùn bí àwọn télọ̀ ṣe máa ń dá oníbàárà lóhùn nígbà ọdún. Wọ́n ń lu òkúta odò náà, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti ń lù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, ó jáde. Mo ní láti sọ òtítọ́: n kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Iṣan pupa náà dúró nínú rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ nínú omi. Kòtò àdá ti lọ. Mo nù ún gbẹ, mo gbé e wọ yàrá bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, mo sì fi lé wọn lọ́wọ́.

Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn sórí ibùsùn. Mo tún fi lé wọn lọ́wọ́.

"Kí lèyí?"

"Òkúta yín ni, Bàbá."

"Rárá o. Dígí nìyí." Ṣùgbọ́n àkókò ìrun Àìlà ti wọlé, wọ́n bá gbé e sórí ikùn, wọ́n sì lù ú. N kò gbọ́ pá. Àtẹ́lẹwọ́ wọn kàn yọ̀ lórí rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dúró. Ẹnì kankan kò dá wọn lóhùn.

"Ṣé mo ti kàn án?"

"Ẹ ti kàn án, Bàbá."

Wọ́n gbé ọwọ́ súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e kúrò. Wọ́n tún lù ú. "Ṣé mo ti kàn án?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí àpá fi rẹ̀ wọ́n, wọn kò fi pa ojú, wọn kò kírun. Àwọn àna dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n yin ọ̀dà ilé, wọ́n yin kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n jẹ ẹran. Bàbá mi kọjú sí ògiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn Iléyá ni wọn kò béèrè òkúta mọ́. Bí ìpè ìrun bá dún láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n á pa ojú dé bí ẹni tí àwọn ènìyàn ń ké sí láti ibi tí òun kò lè dé mọ́. Ògì tí wọ́n ń mu dín kù. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú egbò sọ fún mi ní ìta pé òun kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe rí. Egbò kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù, ó ní.

Mo ránṣẹ́ sí ààfáà wa. Wọ́n jókòó ti Bàbá, wọ́n ní Ọlọ́run kò ni ẹnikẹ́ni lára. Òkúta èyíkéyìí dára, dídán kò bà á jẹ́, iyèméjì kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Bàbá mi ní, "Ààfáà, mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀." Ààfáà bá ní kí wọ́n lu ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà náà, ó tóbi, kò lè yọ̀ bọ́. Ààfáà na ọwọ́ tiwọn sí i láti fi hàn Bàbá, wọ́n sì dá ọwọ́ dúró. Ọ̀dà olóròóró ni a fi kùn ún, ó ń dán yinrin. Wọ́n wo ilẹ̀: táìsì. Wọ́n wo ìta láti ojú fèrèsé: bíríkì íńtálọ́kì láti ìdí fèrèsé dé ògiri ọgbà, ewéko kan kò sí níbẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi, ohùn wọn kò le rárá.

"Tíṣà, níbo ni ilẹ̀ wà nínú ilé yìí?"

Èmi ni mo yan àwọ̀ táìsì náà.

Mo dá òkúta odò pa dà fún wọn, òun náà yọ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilẹ̀ wọlé bí ẹni tó ń gbé omi pa iná. Mo bu yanrìn sínú abọ́, ó dà sórí ibùsùn, ó wọ inú báńdéèjì, nọ́ọ̀sì bú mi. Mo gbé yangí wá, ó ń rún, èérún rẹ̀ ń mú wọn wúkọ́. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, mo gbé èyí tó gbárakata jù lọ wá, ó wúwo, ó bọ́ sí wọn láyà, wọ́n sì ké. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá ti wọ yàrá pẹ̀lú nǹkan lọ́wọ́, ara wọn a súnkì. Ọmọ tó kàwé dórí òkúta, tí baba rẹ̀ ń sá fún òkúta ọwọ́ rẹ̀.

Ó wá kù kí n wá ìkejì rẹ̀ ní ibi tí ó ti wá. Mo lọ bá àbúrò Bàbá ní Àpòmù. Wọ́n palẹ̀ ọjà wọn mọ́, wọ́n tẹ̀ lé mi dé oko. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, n kò ní kọ gbogbo rẹ̀ tán. Apá kan jẹ́ nípa àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, apá kejì jẹ́ nípa obìnrin tí kò lọ́kọ tó ń fi ẹ̀rọ yí òkúta. Nígbà tí a dé etí odò inú oko, níbi tí Bàbá ti rí òkúta náà, kò sí òkúta níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń wa yanrìn fún ilé kíkọ́ ti wá, wọ́n ti kó ohun gbogbo lọ, ẹrẹ̀ ló kù. Mo wọ inú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú bàtà, mo ń fi ọwọ́ tú u. N kò mọ ohun tí mo ń wá mọ́. Mo kàn ń tú u ni.

Àbúrò Bàbá dúró lókè, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Gòkè wá. Ohun tí kò sọnù ni ò ń wá."

Mo ní mo ti ba a jẹ́.

"O kò bà á jẹ́. O kàn wẹ̀ ẹ́ ní ìwẹ̀ ìyàwó ni. Ọlọ tó bá ń yọ̀, ṣé a máa ń lọ ra òmíràn ni? A máa ń fi irin ṣá a lójú, yóò sì tún mú ata. O jẹ ata ilé ìyá mi, àbí o ò jẹ ẹ́?"

Mo jẹ ẹ́. Mo rántí ìyá bàbá mi lẹ́yìn ilé ní Àpòmù, pẹ̀lú òòlù àti ìṣó ńlá kan, tí wọ́n ń ta ojú ọlọ ní kọ́, kọ́, kọ́, títí yóò fi ní ojú wẹ́wẹ́ bí ara ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Bí ó ṣe rọrùn tó yà mí lẹ́nu. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde nínú oko.

A kò dúró sinmi nígbà tí a dé Ìkirè. Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá Bàbá, ni a jókòó sí, torí ojú àwọn ará àdúgbò kò dé ibẹ̀. Àbúrò Bàbá fi ẹsẹ̀ méjèèjì há òkúta náà, mo di ìṣó mú, mo fi òòlù lù ú. Ó ń ta yọ. Ìṣó ń sáré lórí dídán yẹn bí ọmọ tó ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Láti inú yàrá, ohùn Bàbá jáde.

"Kí lẹ ń fọ́?"

"A ò fọ́ nǹkankan, Bọ̀dá mi," ni àbúrò wọn dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni mo gbé òòlù sókè, mo lù ú, òkúta náà sì là sí méjì.

Ibi iṣan pupa yẹn gan-an ló gbà là. Ọlọ jẹ́ òkúta kan náà látòkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta tó bá ní ìlà tó rẹwà nínú, ojú ìlà yẹn ni kò lágbára. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èyí lọ́dọọdún. A jókòó. Àbúrò Bàbá fi etí ìborùn bo ẹnu. Mo wo òòlù tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e fún mi.

"Ẹ gbé e wá," Bàbá wí láti inú yàrá.

Èmi ni mo gbé e wọlé. Mo fi ìdajì kan sórí ikùn wọn, mo sì di ìdajì kejì mú sẹ́yìn bí ọmọ tó fọ́ abọ́. Ọwọ́ wọn rìn lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kan ìhà tó ń dán, ó yọ̀ kúrò. Ó yí ẹ̀gbẹ́ ká, ó dé ibi tí ó ti là, ó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tí ojú wọn, tí kì í ríran, lọ sókè díẹ̀.

Wọ́n yí i, wọ́n sì lù ú. Pá.

Wọ́n fi pa ojú, wọ́n tún lù ú, wọ́n fi pa ọwọ́ tó kú, àbúrò wọn sì bá wọn gbé e sókè. Bàbá jẹ́ kí wọ́n gbé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrun, wọ́n ń dá àwọn tó ti kọjá pa dà, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, ìka kan ń lọ sókè ń lọ sílẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n parí ni pé, "Ẹ má fọ̀ ọ́ o."

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ parí síre níbẹ̀. Ọwọ́ náà ń kú lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lu ibi tó là yẹn, wọ́n dúró, wọ́n tún bi mí pé ṣé àwọn ti kàn án. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbà mí gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì fi pa ojú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ètè wọn ń gbọ̀n. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí òkúta kan láyé tó le tó, n kò sì mọ ohun tí n ó fi lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti tú ẹ̀rọ náà ká. Mo hú íńtálọ́kì tó wà lábẹ́ fèrèsé wọn, àwọn ará àdúgbò sì ń béèrè bóyá mo ti rí góòlù náà.

Ìdajì kejì ńkọ́? Àlejò kan wá kí Bàbá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo pẹpẹ àárín, ó rí i níbẹ̀ tó ń dán, pẹ̀lú iṣan pupa létí rẹ̀, ó sì béèrè irú òkúta wo ni. Mo sọ orúkọ oyìnbó kan fún un. Ó ní áà, Ọlọ́run tóbi. Kò dé yàrá ẹ̀yìn.

Èmi ni mo gbé e síbẹ̀.